Èbù, iyán àti bùkà: ìfiwéra àwọn ìwé-àṣẹ sọ́fítíwíà, àti èyí tó yẹ kí á máa pè ní open source

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àbúrò mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkèṣà, ní Adó-Èkìtì. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wo èyí. GitHub ní kí n mú ìwé-àṣẹ kan, wọ́n sì to orúkọ lọ bẹẹrẹ. Èwo ni kí n mú nínú gbogbo rẹ̀?" GitHub ni ibi tí àwọn akọ̀wé kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Sọ́fítíwíà tó kọ kò tóbi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn oníṣu Ọjà Ọba, ló kọ ọ́ fún. Ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tó dá owó, ẹni tó yá owó, iye èlé, àti iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá pín èrè lópin ọdún. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan ni akọ̀wé wọn ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, tí ó ń fi rúlà fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ ẹni tó bá jẹ gbèsè.

Mo bi í pé, "Kí lo ń bẹ̀rù jù? Ṣé pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó, àbí pé kí ẹnì kan gbé e lọ, kí ó tún un ṣe, kí ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ?" Ó dákẹ́. Ó ní òun kò rò ó débẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Àwọn ìwé-àṣẹ tí mo fẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yìí, ìdáhùn sí ìbẹ̀rù ni wọ́n, ìbẹ̀rù wọn kò sì rí bákan náà.

Èbù lọ́tọ̀, iyán lọ́tọ̀

Èkìtì ni wá, a kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé iyán fún wa. Ẹni tó bá gbé iyán fún ẹ, o ti yó lónìí. Ẹni tó bá gé èbù iṣu fún ẹ, ìwọ náà lè gbìn ín, kí o sì fún ará ilé kejì lọ́dún tó ń bọ̀. Sọ́fítíwíà tí a kàn ń tẹ̀ lójú fóònù, iyán ni. Kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́ ni èbù. Ìwé-àṣẹ sì ni ọ̀rọ̀ tí olóko sọ nígbà tó ń kó èbù lé ẹ lọ́wọ́: ohun tí o lè fi ṣe, àti ohun tí o gbọ́dọ̀ ṣe fún ẹni tí ìwọ náà bá fún.

Ní 1983 ni Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU, láti kọ sọ́fítíwíà tó ní òmìnira, ní Amẹ́ríkà, ó sì dá Free Software Foundation sílẹ̀ ní 1985. Òmìnira mẹ́rin ni wọ́n ń bèèrè: kí èèyàn lè lo sọ́fítíwíà fún ohunkóhun tó bá wù ú, kí ó lè wo inú rẹ̀ kí ó sì yí i padà, kí ó lè fún ẹlòmíràn ní ẹ̀dà, kí ó sì lè pín èyí tí òun fúnra rẹ̀ tún ṣe. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pè é ló dá wàhálà sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free", ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọ̀fẹ́ àti òmìnira. Ó ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ti ń ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni àwọn ń sọ. Àwa kò ní ìṣòro yẹn lédè wa, ẹ sì jẹ́ ká lo àǹfààní náà. Èèyàn lè ta èbù lówó gọbọi, kí òmìnira ẹni tó rà á ṣì pé pérépéré.

Ta ló ni ọ̀rọ̀ náà?

Oṣù kejì ọdún 1998 ni orúkọ "open source", ìyẹn kóòdù tó ṣí sílẹ̀, jáde. Netscape, iléeṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ti kéde nígbà yẹn pé àwọn máa tú kóòdù àwọn síta, àwọn kan sì jókòó láti wá orúkọ tí àwọn oníṣòwò kò ní sá fún. Christine Peterson ló dábàá rẹ̀. Lóṣù yẹn kan náà ni Bruce Perens àti Eric Raymond dá Open Source Initiative sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní OSI. Ìlànà mẹ́wàá ni OSI fi ń yẹ ìwé-àṣẹ wò, inú ìlànà tí àwọn Debian, tó ń ṣe ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kọ ní 1997 ni wọ́n sì ti mú un. Ìkarùn-ún ní kí ìwé-àṣẹ má ya ẹnikẹ́ni tàbí ẹgbẹ́ kankan sọ́tọ̀. Ìkẹfà ní kí ó má dárúkọ irú iṣẹ́ tí èèyàn kò gbọdọ̀ fi sọ́fítíwíà náà ṣe. Orí méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ jù nínú ìjà òde òní ti ń ṣẹlẹ̀.

OSI gbìyànjú láti forúkọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò tiwọn, kò bọ́ sí i, torí ọ̀rọ̀ tó kàn ń ṣàpèjúwe nǹkan ni. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ kan fi lè gbé kóòdù síta kí gbogbo ayé máa wò ó, kí ó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ kò gbọdọ̀ fi í ṣe báyìí-báyìí, kí ó sì tún máa pè é ní open source. Wọ́n ní ẹ ṣáà rí kóòdù náà, kí ló kù?

Èrò tèmi rèé, mi ò sì fi bò. Ọ̀rọ̀ náà dà bí kóńgò lọ́jà. Kò sí ẹni tó ni kóńgò, gbogbo wa la sì gbára lé e. Ìyá tó ń ra gàárì kì í ka hóró kọ̀ọ̀kan, ó gbà pé kóńgò kan jẹ́ kóńgò kan. Ẹni tó bá tẹ ìdí kóńgò tirẹ̀ wọlé ṣì lè máa ta gàárì rẹ̀ ní iye tó bá wù ú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ó ṣáà má pè é ní kóńgò kan. Nígbà tí mo bá rí "open source" lára sọ́fítíwíà, mo fẹ́ mọ̀ láìka ojú ewé ogún pé ẹgbẹ́ oníṣu, iléèwé, ilé ìwòsàn àti oníṣòwò lè lò ó láìtọrọ àṣẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá lè fọkàn mi balẹ̀ mọ́ lórí ìyẹn, ọmọ tó jókòó níwájú mi ní Òkèṣà ló máa jìyà rẹ̀, torí kò ní lọ́yà tí yóò máa bá a ka ìwé kọ̀ọ̀kan.

Kóòdù tí kò ní ìwé-àṣẹ rárá

Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí kóòdù bá ti wà ní gbangba, gbogbo ayé ti ni ín. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ní 2017 mo kọ sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń ṣírò máàkì àwọn ọmọ iléèwé, tó sì ń tẹ káàdì èsì jáde. Mo gbé kóòdù rẹ̀ sí GitHub, mi ò kọ ìwé-àṣẹ kankan sí i. Tíṣà kan láti Ìkẹ́rẹ́ kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ tún apá kan ṣe kí ó lè gba ìdánwò mẹ́ta dípò méjì, ṣé mo fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo tó rí ìwé rẹ̀. Nígbà yẹn ó ti padà sí bébà àti kakulétọ̀, táàmù ti parí. Ó ṣì ń dùn mí.

Tíṣà náà kò sì ṣàṣejù. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kẹta 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ, bí èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ náà ti ṣe. Ẹ̀tọ́ yẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kóòdù tí kò ní ìwé-àṣẹ, oko olóko ni. Ẹ lè dúró lójú títì kí ẹ wò ó, ẹ kò gbọdọ̀ wa iṣu níbẹ̀.

MIT lápá kan, GPL lápá kejì

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ti yàn, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ìwé-àṣẹ MIT kúrú débi pé ẹ lè kà á tán kí ọkọ̀ tó kún ní gáréèjì. Ohun tó wí ni pé: gbà á, lò ó, yí i padà, tà á, ṣáà fi orúkọ mi àti ìwé yìí sílẹ̀ nínú rẹ̀, bí ó bá sì bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, má pè mí lẹ́jọ́. BSD jọ ọ́ gan-an. BSD ni ìwé-àṣẹ DHIS2, sọ́fítíwíà tí Yunifásítì Oslo ní Norway ń darí, tí àwọn ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà fi ń ṣe ìròyìn oṣooṣù. Kò sí ẹni tó nílò láti kọ̀wé sí Norway kí ó tó gbé e sórí sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn mìíràn ń wọlé sí látòkèèrè.

GPL, ìwé-àṣẹ ti àwọn Stallman, gùn. Ẹ̀dà kẹta rẹ̀, tó jáde ní 2007, lé ní 5,000 ọ̀rọ̀. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò le yé: èbù tí mo fún ẹ, gbìn ín, tà á, ṣe é bó bá ṣe wù ẹ́. Ẹni tó bá ra iṣu lọ́wọ́ rẹ ṣáà gbọ́dọ̀ lè gba èbù rẹ̀ pẹ̀lú, lábẹ́ àdéhùn kan náà tí mo bá ẹ ṣe. Ẹ̀dà kejì, ti ọdún 1991, ni Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń lò títí dòní. WordPress tí wọ́n fi ń kọ́ ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ GPL. Moodle tí àwọn yunifásítì fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Koha náà ńkọ́, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì ní Nàìjíríà fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ìwé wọn? Ilé-ìkàwé kékeré ní New Zealand ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ fún ní 1999, nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ wọn kò ní lè ka ọdún 2000. Wọ́n fi GPL sí i, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká fi sọ́fítíwíà ẹgbẹ́ oníṣu wò ó. Ká ní iléeṣẹ́ kan ní Èkó rí i, wọ́n fi ohun tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ gbèsè kún un, wọ́n wá ń tà á fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìdó-Èkìtì. Bí ó bá jẹ́ MIT, wọ́n lè ti kóòdù tuntun náà pa. Ẹgbẹ́ Ìdó kò ní lè wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò èlé wọn, ọmọ tó kọ ọ́ gan-an kò sì ní rí ohun tí wọ́n fi kún un. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, òun ló ní kí wọ́n gbà á. Bí ó bá jẹ́ GPL, wọ́n ṣì lè tà á, àmọ́ ẹgbẹ́ Ìdó tó ra ẹ̀dà ní ẹ̀tọ́ láti gba kóòdù rẹ̀, kí wọ́n sì wá ẹlòmíràn tí yóò tún un ṣe bí iléeṣẹ́ náà bá kógbá sílé.

Wọ́n máa ń sọ pé GPL kò gbà kí èèyàn fi sọ́fítíwíà pawó. Irọ́ ni. Wọ́n tún máa ń sọ pé tí ẹ bá ti fọwọ́ kan kóòdù GPL, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ti yín síta fún gbogbo ayé. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ tún ṣe tí ẹ ń lò nínú ilé yín, tí ẹ kò fún ẹnikẹ́ni, GPL kò bi yín léèrè rẹ̀.

Àbúrò mi bèèrè bóyá ilé-ẹjọ́ tiẹ̀ ka àwọn ìwé wọ̀nyí sí. Ní 2008, nínú ẹjọ́ Jacobsen àti Katzer ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ sọ́fítíwíà fún reluwé ìṣeré pe ẹni tó gbé kóòdù rẹ̀ láìtẹ̀lé ìwé-àṣẹ lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ẹni tó bá rú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè jẹ̀bi rírú ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, bí olóko kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀.

Méjì wà láàárín wọn tí mo kàn máa fọwọ́ bà. Apache, ẹ̀dà 2.0 ti ọdún 2004, ṣe bí MIT, ó sì fi kún un pé ẹni tó dá kóòdù sí i kò lè padà wá fi pátẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ lórí ohun tí èèyàn ṣẹ̀dá, mú àwọn tó ń lò ó. Òun ni mo máa ń mú dípò MIT nígbà tí iléeṣẹ́ ńlá bá wà nídìí ọ̀rọ̀. Kò bá GPL ẹ̀dà kejì gbé, ó lè wọ inú ẹ̀dà kẹta. MPL, ẹ̀dà 2.0 ti 2012, ní kí ẹ pín fáìlì tí ẹ bá yí padà, ìyókù tiyín ni. Firefox àti LibreOffice ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ bùkà

GPL ní àlàfo kan tí íntánẹ́ẹ̀tì là sí i. Ó ní ẹni tó bá ra iṣu lọ́wọ́ rẹ gbọ́dọ̀ lè gba èbù. Bí mi ò bá ta iṣu ńkọ́? Bí mo bá ṣí bùkà, tí mo ń gún iyán, tí àwọn oníbàárà ń wá jẹun tí wọ́n ń lọ? Wọn kò gbé iṣu kúrò lọ́dọ̀ mi, nítorí náà mi ò jẹ wọ́n ní èbù. Bí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta ìlò sọ́fítíwíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe nìyẹn: sáfà tiwọn ni sọ́fítíwíà jókòó sí, ẹ̀yin kàn ń wọlé, ẹ ń jáde.

AGPL, àbúrò GPL, dí àlàfo yẹn ní 2007. Ó ní bí ẹ bá yí kóòdù náà padà, tí àwọn èèyàn sì ń lò ó látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́dọ̀ fún àwọn oníbàárà yín láǹfààní láti gba kóòdù náà. OSI fọwọ́ sí i. Ó bá kóńgò mu, torí kò yọ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀: oníbùkà kékeré àti oníbùkà ńlá, òfin kan náà ni.

Àwọn kan sọ pé ìyẹn kò tó. MongoDB, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà, wà lábẹ́ AGPL tẹ́lẹ̀. Lóṣù kẹwàá 2018 wọ́n bọ́ sí SSPL tí àwọn fúnra wọn kọ. SSPL ní bí ẹ bá fi sọ́fítíwíà yìí ṣí bùkà, kì í ṣe èbù nìkan ni ẹ máa fún èèyàn. Ẹ máa fún wọn ní odó, ọmọ-odó, ìkòkò, àdògán, àti bí ẹ ṣe ń ṣètò ilé ìdáná, ìyẹn gbogbo sọ́fítíwíà tí ẹ fi ń darí iṣẹ́ náà, lábẹ́ SSPL kan náà. Wọ́n gbé e lọ síwájú OSI, wọ́n sì fà á padà lóṣù kẹta 2019 nígbà tí wọ́n rí i pé kò ní kọjá.

Mo gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, mi ò sì fojú kékeré wò ó. Àwọn kan fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ nǹkan, iléeṣẹ́ tó tóbi jù wọ́n lọ nílọ̀ọ́po lọ́nà ọgọ́rùn-ún gbé e sórí sáfà rẹ̀, ó ń gba owó orí rẹ̀. Ó dunni. Àmọ́ SSPL kò tún ọ̀rọ̀ pínpín ṣe. Àdéhùn tó ṣòro débi pé kò sí oníbùkà tó lè mú un ṣẹ ni, kí ó lè wá san owó fún ìwé-àṣẹ mìíràn. Ohun tó jẹ́ nìyẹn, kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Elastic, tó ń ṣe sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń wá nǹkan nínú dátà, kúrò lábẹ́ Apache lóṣù kìíní 2021, Amazon sì gbé èyí tó ti wà nílẹ̀, ó sọ ọ́ di OpenSearch. Redis, tí òun náà ń tọ́jú dátà, kúrò lábẹ́ BSD ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2024, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Linux Foundation kéde Valkey, tí wọ́n gbé láti inú kóòdù Redis àtijọ́. Kóòdù tó ti jáde lábẹ́ ìwé-àṣẹ àtijọ́ kò ṣeé gbà padà, àwọn tó ń lò ó sì gba ọ̀nà tiwọn lọ. Elastic fi AGPL kún tirẹ̀ ní 2024, Redis ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2025. Àwọn méjèèjì padà síbi tí kóńgò wà.

BUSL: jẹ ẹ́ nílé, má gbé e lọ sọ́jà

Àwọn MariaDB, tí àwọn náà ń ṣe sọ́fítíwíà dátà, ló kọ ìwé-àṣẹ BUSL. Kóòdù wà ní gbangba, ẹ lè wò ó, ẹ lè yí i padà, ẹ lè fi dánrawò. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣe, ẹni tó ni ín ló ń kọ ọ́ sínú rẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ẹ̀dà yẹn á bọ́ sábẹ́ ìwé-àṣẹ òmìnira. Iléeṣẹ́ HashiCorp gbé Terraform, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣètò sáfà, síbẹ̀ lóṣù kẹjọ 2023, àwọn tí kò gbà sì fi kóòdù àtijọ́ dá OpenTofu sílẹ̀.

Mo fẹ́ràn BUSL ju SSPL lọ, torí inú rẹ̀ gan-an ni ó ti sọ pé òun kì í ṣe ìwé-àṣẹ open source. Bí ẹ bá ní sọ́fítíwíà kan ṣoṣo tí ẹ fi ń jẹun, tí ẹ fẹ́ kí àwọn oníbàárà rí inú rẹ̀ kí ọkàn wọn balẹ̀, kò burú kí ẹ mú un. Ẹ ṣáà má kọ "open source" sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Fún ẹni tó ń kánjú, bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rèé:

| Ìwé-àṣẹ | Ṣé ẹni tó tún un ṣe lè ti ẹ̀dà tó ń tà pa? | Ṣé oníbùkà tó yí i padà gbọ́dọ̀ fi èbù hàn? | Ṣé ó bá òṣùwọ̀n OSI mu? |
|---|---|---|---|
| MIT, BSD, Apache 2.0 | Bẹ́ẹ̀ ni | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni |
| MPL 2.0 | Àwọn fáìlì tirẹ̀ nìkan | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni |
| GPL | Rárá | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni |
| AGPL | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni | Bẹ́ẹ̀ ni |
| SSPL | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú gbogbo ilé ìdáná | Rárá |
| BUSL | Ó wà lọ́wọ́ ohun tí olóko kọ | Rárá | Rárá, títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé |

"Má fi ṣòwò" àti "má fi ṣe ibi"

Nínú sọ́fítíwíà ẹgbẹ́ oníṣu, àbúrò mi lo nǹkan kan tí ẹlòmíràn kọ, tó ń ya àwòrán bí owó ṣe ń wọlé lóṣooṣù. Mo ní kó ṣí ìwé-àṣẹ rẹ̀. A jọ kà á lójú kọ̀ǹpútà, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí a fi dé ibi tó ní kí èèyàn má fi ṣòwò. Ó ní, "Àwọn màmá wọ̀nyí kì í ṣe iléeṣẹ́ kẹ̀." Mo ní, "Ṣé wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ yáwó?" Wọ́n ń gba igba náírà. "Ṣé wọ́n ń gba èlé?" Wọ́n ń gbà á. "Èlé yẹn ńkọ́, ṣé òwò ni àbí kì í ṣe òwò?" Kò lè dáhùn, èmi náà kò lè dá a lóhùn. A yọ ọ́ kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a fi òmíràn tó wà lábẹ́ MIT rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fa ìlà gún régé sáàárín òwò àti ohun tí kì í ṣe òwò láàárín àwọn èèyàn wa, níbi tí ìyá kan náà ti ń tajà, tó ń dájọ, tó sì ń kó owó ìjọ.

Ìwé-àṣẹ JSON tí Douglas Crockford kọ ní kí wọ́n fi sọ́fítíwíà náà ṣe rere, kí wọ́n má fi ṣe búburú. Hippocratic License, tí Coraline Ada Ehmke gbé jáde ní 2019, fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe ìdíwọ̀n. Inú mi dùn sí èrò ọkàn wọn. Síbẹ̀ ta ni yóò jókòó dájọ́ rere àti búburú fún ẹni tó wà ní Ìfàkì àti ẹni tó wà ní Jámánì? Kóńgò kò lè ṣe iṣẹ́ adájọ́, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá, àti ohùn wa

Ìjà tó gbóná jù báyìí wà níbí. Lóṣù keje 2023, Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, gbé ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá Llama 2 jáde, wọ́n sì ń pè é ní open source. Inú ìwé-àṣẹ rẹ̀, iléeṣẹ́ tí àwọn tó ń lo nǹkan rẹ̀ lóṣù bá ti lé ní 700 mílíọ̀nù gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ oníṣu kò ní dé iye yẹn láé, mo mọ̀. Àmọ́ ìlà tó ya èèyàn sọ́tọ̀ ti wà níbẹ̀, OSI sì sọ pé kò bá òṣùwọ̀n mu.

Lóṣù kẹwàá 2024 OSI gbé òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ jáde fún ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé dátà tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, kò pọn dandan kí wọ́n fún èèyàn ní dátà náà gan-an. Àwọn kan bínú sí i, mo sì wà lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá, mo fẹ́ mọ ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ, torí mo ti rí ẹ̀rọ tó ń kọ Yorùbá láìsí àmì ohùn kankan, tí ọkọ́ àti ọkọ̀ di nǹkan kan náà lójú rẹ̀. Láìrí oko, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ ibi tí èpò ti wọlé?

Fún ohùn àti ọ̀rọ̀ wa, ìwé-àṣẹ mìíràn ni ẹ máa wò, kì í ṣe ti sọ́fítíwíà. Common Voice, àkójọ ohùn ti Mozilla, ń lo CC0, ìyẹn ni pé ẹni tó fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ti jọ̀wọ́ gbogbo ẹ̀tọ́. Fọ́ǹtì tó ń gbé àmì wa dáadáa, bíi Charis àti Noto, wà lábẹ́ OFL, ìwé-àṣẹ fọ́ǹtì ti ẹgbẹ́ SIL. Ní Áfíríkà, wọ́n ti kọ ìwé-àṣẹ kan fún dátà èdè tí wọ́n ń pè ní Nwulite Obodo, orúkọ Ígbò tó túmọ̀ sí gbígbé ìlú ga. Ó fún àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè láǹfààní ju àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ lọ, kí àǹfààní lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni èdè. Ó ya èèyàn sọ́tọ̀, nítorí náà kò bá kóńgò mu. Mo sì bọ̀wọ̀ fún un, torí gbangba ló ti sọ ohun tó ń ṣe àti ìdí tó fi ń ṣe é. Bí ẹ bá ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ìkọ̀gọ̀sì tàbí Ọ̀yẹ́, ẹ kà á kí ẹ tó mú CC0.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tí ẹ̀tọ́ wà

Ohun kan ṣì kù tí kì í sí nínú ìwé-àṣẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó yí ìwé-àṣẹ padà rí i ṣe torí pé wọ́n ti gba ìwọ̀n ẹ̀tọ́ tó pọ̀ tó lọ́wọ́ àwọn tó dá kóòdù sí i, tàbí torí pé ìwé-àṣẹ àtijọ́ fúnra rẹ̀ gbà wọ́n láyè. Linux kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sínú rẹ̀, olúkúlùkù ló ní tirẹ̀. Kí ẹ tó gbé gbogbo iṣẹ́ yín lé orí nǹkan, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló di kọ́kọ́rọ́ mú.

Ní ti èyí tí ẹ máa mú, bí mo ṣe ń sọ fún àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rèé. Ohun kékeré tí ẹ fẹ́ kí àwọn akọ̀wé kóòdù mìíràn fi sínú tiwọn: Apache tàbí MIT. Odindi sọ́fítíwíà tí àwọn ẹgbẹ́, iléèwé tàbí ìjọ máa lò látorí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì fẹ́ kí gbogbo wọn máa rí àtúnṣe ara wọn: AGPL. Bí ẹ bá ń fi sọ́fítíwíà ránṣẹ́ sí orí kọ̀ǹpútà oníbàárà nìkan, GPL ti tó. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹlòmíràn fi pawó, ẹ mú BUSL, kí ẹ sì sọ ọ́ síta.

Àbúrò mi ronú lé e lórí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó padà wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti akọ̀wé ẹgbẹ́, màmá kan tó gbé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle yẹn mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ. Màmá náà ní, "Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi ìwé wa ta ayé lọ́rẹ."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Orúkọ yín àti gbèsè yín kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọ yìí gbà ń ṣírò ló fẹ́ fún èèyàn."

"Ṣé àwọn oníṣu Ìkẹ́rẹ́ náà lè lò ó?"

Ọmọ náà ní, "Wọ́n lè lò ó, mà."

"Bí wọ́n bá rí ibi tí èlé wa ò ti bára mu, tí wọ́n tún un ṣe ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn yẹn ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe náà, mà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè gbé e wá fún wa."

Màmá ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tí wọ́n ti pín èrè èṣí, ó fi ìka lé ìlà kan tí wọ́n ti fi bírò pa rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ì bá ti bá wa rí èyí." Ọmọ náà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó mú AGPL, ó sì tẹ̀ ẹ́.